Ikọ́ Tí Kì í Ṣe ti Ọyẹ́

Bí ṣúgà ṣe ń ga nínú ẹ̀jẹ̀, etí ti gbọ́ ọ tó, a ò ní tún un sọ níbí. Èyí tí etí kò gbọ́ tó ni pé àrùn ọkàn àti ti iṣan ẹ̀jẹ̀ ló ń pa alátọ̀gbẹ jù. Ewu pé àrùn ọkàn yóò kọ lù ú tó ìlọ́po méjì ti ẹni tí kò ní àtọ̀gbẹ. Ìdí nìyẹn tí ìtọ́jú rẹ̀ kì í fi í ṣe iṣẹ́ ẹnì kan: dókítà àtọ̀gbẹ wà níbẹ̀, dókítà ọkàn wà níbẹ̀, nọ́ọ̀sì, onímọ̀ oúnjẹ, apòògùn, àwọn ará láàbù, títí kan ẹni tó ń yẹ ojú àti ẹsẹ̀ wò.

Bí wọ́n bá ti ka gbogbo wọn báyìí, àwọn èèyàn á ní ìtọ́jú ti pé. Ibẹ̀ gan-an ló ti ń bí ènìyàn nínú. Dókítà mẹ́rin lè máa wo aláìsàn kan ṣoṣo, kí wọ́n má sì ṣiṣẹ́ pọ̀ rárá. Ẹ wo ìkòkò ọbẹ̀ ibi ìnáwó. Ìyá àgbà kọjá, ó tọ́ ọ wò, ó ta iyọ̀ díẹ̀ sí i. Iyọ̀ yẹn kò tíì yọ́ tí ìyàwó ilé kan fi dé, òun náà tọ́ ọ wò, ó ta tirẹ̀. Àǹtí kan tó ti ọ̀nà jíjìn wá kò tilẹ̀ tọ́ ọ wò. Ó mọ̀ pé àwọn ará ibí kì í fi iyọ̀ sí ọbẹ̀ tó. Bí ẹ bá pè wọ́n jọ, oníkálukú á búra pé díẹ̀ ni òun fi sí i, òtítọ́ ni yóò sì sọ. Ọbẹ̀ ni kò ṣeé jẹ.

Ẹ jẹ́ ká mú bàbá kan ní Kubwa, alátọ̀gbẹ tí ẹ̀jẹ̀ ríru tún wà lára rẹ̀. Ní oṣù kẹwàá, wọ́n fún un ní lisinopril. Òògùn gidi ni: ó ń mú BP wálẹ̀, ó sì ń dáàbò bo kíndìnrín. Ṣùgbọ́n ohun kan wà nínú ara tí òògùn yìí ń dí lọ́wọ́, iṣẹ́ méjì ni ohun ọ̀hún sì ń ṣe. Ohun náà ń mú kí iṣan ẹ̀jẹ̀ fún pọ̀, ó sì tún ń tú èròjà kan tó ń jẹ́ bradykinin ká. Tí bradykinin kò bá rí ẹni tú u ká mọ́, á kó jọ, á sì máa rin àwọn kan lọ́fun. Ikọ́ gbígbẹ dé nìyẹn. Kì í ṣe ọjọ́ tí wọ́n gbé òògùn náà mì ló sì máa ń dé. Ọ̀sẹ̀ tàbí oṣù lè kọjá kó tó yọjú.

Ó wá yọjú ní oṣù kejìlá, nígbà tí ọyẹ́ ti da eruku bo Àbújá, tí gbogbo àdúgbò ń wúkọ́. Ta ni yóò fura sí òògùn? Bàbá yà sí kẹ́mísì, ó ra òògùn ikọ́ olómi. Ṣúgà wà nínú rẹ̀, èròjà tó ń tú imú dídí sílẹ̀ náà wà nínú rẹ̀, irú èyí tó ń mú BP gòkè. Nígbà tó padà sí ọsibítù, dókítà àtọ̀gbẹ rí i pé ṣúgà ti ga, ó fi kún òògùn. Dókítà ọkàn rí i pé BP ti ga, ó fi amlodipine kún un. Amlodipine máa ń mú ọrùn ẹsẹ̀ àwọn kan wú. Ẹlòmíràn rí ẹsẹ̀ wíwú, ó bẹ̀rù fún ọkàn rẹ̀, ó fún un ní òògùn tó ń mú ènìyàn tọ̀. Bàbá wá ń dìde tọ̀ ní gbogbo òru. Alátọ̀gbẹ tó ń tọ̀ ju bó ṣe yẹ lọ, kí ni wọ́n á kọ́kọ́ fura sí? Ṣúgà náà ni.

Ibi tí ètò yìí ti gbọ́n jù kò sí ní yàrá dókítà àgbà kankan. Orí tábìlì apòògùn ló wà.

"Bàbá, ẹ da gbogbo ohun tí ẹ̀ ń lò síbí. Èyí tí ẹ fúnra yín rà ńkọ́? Àgbo ńkọ́?"

Ọ̀rá tú, sáṣẹ́ẹ̀tì òògùn dà sílẹ̀, ìgò òògùn ikọ́ tó ti dé ìdajì yí jáde lẹ́yìn wọn.

"Ikọ́ yẹn, ṣé ó ń mú kẹ̀lẹ̀bẹ̀ wá?"

"Rárá o, ó kàn ń rin mí lọ́fun ni."

Ó pe dókítà. Wọ́n pààrọ̀ lisinopril sí losartan, tó ń ṣe irú iṣẹ́ kan náà láì fọwọ́ kan bradykinin. Ikọ́ lè gba ọ̀sẹ̀ mélòó kan kó tó lọ tán. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á máa yẹ àwọn òògùn tó tẹ̀ lé e wò lọ́kọ̀ọ̀kan, èyí tí kò bá ní iṣẹ́ mọ́, wọ́n á yọ ọ́. Dókítà ló ń yọ ọ́ o, kì í ṣe aláìsàn.

Èrè irú àjọṣe yìí kì í ṣe àsọdùn. Ní Denmark, wọ́n tọ́jú ìdajì nínú 160 alátọ̀gbẹ tí kíndìnrín wọn ti ń fi àmì hàn lọ́nà yìí: dókítà, nọ́ọ̀sì àti onímọ̀ oúnjẹ jọ gbá ṣúgà, BP àti ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀ mú lẹ́ẹ̀kan náà. Ìtọ́jú tó wà tẹ́lẹ̀ ni àwọn yòókù ń gbà. Nígbà tí àbájáde jáde ní 2003, lẹ́yìn nǹkan bí ọdún mẹ́jọ, ewu àrùn ọkàn àti iṣan ẹ̀jẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn àkọ́kọ́ ti dín kù ní nǹkan bí ìdajì.

Ní Àbújá, fáìlì ló ń da nǹkan rú. Ẹni tó ń sùn ní Mararaba, ní ìpínlẹ̀ Násáráwá, lè ní káàdì ní Garki, kó sì máa ra òògùn ikọ́ nítòsí ilé. Ẹni tó wà lábẹ́ NHIA, ètò ìbánigbófò ìlera ti ìjọba, á gba kóòdù lọ́wọ́ HMO, iléeṣẹ́ tó ń bá a bójú tó ìbánigbófò náà, kó tó lè rí dókítà àgbà, ó dáa bẹ́ẹ̀. Kóòdù yẹn ń sọ ẹni tí yóò sanwó; kì í sọ fún dókítà kìíní ohun tí dókítà kejì fi kún un. Ọ̀rá òògùn ọwọ́ aláìsàn nìkan ni fáìlì tó ń bá a dé gbogbo ibẹ̀.

Ohun kan wà tí gbogbo wọn lè jọ kà, àyẹ̀wò HbA1c. Ó ń wọn ṣúgà tó ti lẹ̀ mọ́ sẹ́ẹ̀lì pupa inú ẹ̀jẹ̀, sẹ́ẹ̀lì yẹn sì ń lo nǹkan bí 120 ọjọ́ láyé. Nítorí náà, ẹni tó fi ọjọ́ méjì pa ebi mọ́nú nítorí ọjọ́ ọsibítù kàn ń ṣe wàhálà lásán ni; oṣù méjì sí mẹ́ta tó kọjá ti wà níbẹ̀. Àmọ́ sẹ́ẹ̀lì ẹni tó jẹ́ SS kì í pẹ́ láyé bẹ́ẹ̀, ṣúgà kì í ráàyè lẹ̀ mọ́ ọn tó, nọ́ńbà náà á sì wálẹ̀ ju òtítọ́ lọ. Bí ará láàbù tó mọ̀ kò bá sọ ọ́, gbogbo wọn ni yóò jọ gba nọ́ńbà yẹn gbọ́.