Ewu ìpadàbọ̀ jẹjẹrẹ ẹ̀yà ìbímọ obìnrin lẹ́yìn ìtọ́jú ìpele ìbẹ̀rẹ̀

Ìpadàbọ̀ jẹjẹrẹ ni kí àrùn náà tún yọjú lára ẹni tí a ti tọ́jú, lẹ́yìn àkókò kan tí àyẹ̀wò kankan kò rí i mọ́. Nínú àwọn jẹjẹrẹ ẹ̀yà ìbímọ obìnrin, ìyẹn ti ẹnu ilé-ọmọ, ti awọ inú ilé-ọmọ, ti ilé-ẹyin àti ti ojú ara, èyí tí ó pọ̀ jù nínú àwọn tí a tètè rí ni kì í padà mọ́. Ewu ìpadàbọ̀ ni iye àwọn tí àrùn náà tún mú nínú ọ̀wọ́ àwọn obìnrin tí ipò wọn jọra, láàárín iye ọdún kan pàtó. Ọ̀wọ́ ènìyàn ni iye yìí ń sọ nípa rẹ̀, kì í ṣe ẹnì kan: bí a bá ní ewu obìnrin kan jẹ́ 10 nínú 100, ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé nínú 100 irú rẹ̀, nǹkan bí 10 ni yóò tún rí àrùn náà, 90 kò ní rí i, kò sì sí àyẹ̀wò tí ó lè fi ìdánilójú sọ apá ibi tí òun fúnra rẹ̀ yóò bọ́ sí.

Ohun tí ó ń mú kí ó padà

Oníṣẹ́ abẹ ń yọ ohun tí ojú rẹ̀ rí àti ohun tí ọwọ́ rẹ̀ bà, pẹ̀lú ẹran ara díẹ̀ tí ó dà bí ẹni pé kò lábàwọ́n yí i ká. Sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ kéré ju ohun tí ojú tàbí ọwọ́ lè mú lọ. Kókó tí kò ju sẹ̀ǹtímítà kan lọ ti ní ọgọ́rọ̀ọ̀rún mílíọ̀nù sẹ́ẹ̀lì nínú. Nítorí náà, bí ẹgbẹ̀rún díẹ̀ bá ti yọ́ kúrò ṣáájú iṣẹ́ abẹ, kò sí ẹ̀rọ ayàwòrán tí yóò fi wọ́n hàn. Òpó tẹ́ẹ́rẹ́ tí omi lymph, ìyẹn omi tí ń ṣàn láàárín ẹran ara, ń gbà ni wọ́n máa ń bá lọ, tàbí iṣan ẹ̀jẹ̀, tàbí, ní ti ilé-ẹyin, omi inú ikùn. Ọ̀rọ̀ náà “padà” tilẹ̀ ń ṣini lọ́nà díẹ̀, nítorí ọ̀pọ̀ jẹjẹrẹ tí a ní ó padà ni kò lọ rárá. Ó lúgọ ni, ó sì dàgbà títí ó fi tó rí.

Ibi mẹ́ta ni ó ti sábà ń yọjú. Ó lè jẹ́ ibi tí a ti ṣiṣẹ́ abẹ gan-an, bí òkè inú ojú ara níbi tí a rán pọ̀ lẹ́yìn yíyọ ilé-ọmọ. Ó lè jẹ́ àwọn kókó lymph tí ó wà nítòsí nínú ìbàdí. Ó sì lè jìnnà, sínú ẹ̀dọ̀fóró, ẹ̀dọ̀ tàbí egungun. Ibi tí ó ti yọ ṣe pàtàkì tó bí yíyọ rẹ̀ fúnra rẹ̀, nítorí èyí tí ó wà lójú kan ṣoṣo nínú ojú ara ṣì ṣeé wò sàn lọ́pọ̀ ìgbà, èyí tí ó ti dé ẹ̀dọ̀fóró kì í sábà rí bẹ́ẹ̀.

Ohun tí a fi ń díwọ̀n ewu

Ìpele tí gbogbo ayé ń lò ni ti FIGO, àjọ àgbáyé àwọn onímọ̀ ìṣègùn obìnrin àti ìgbẹ̀bí tí a dá sílẹ̀ ní ìlú Geneva ní ọdún 1954. Ìpele kìíní, ní ọ̀rọ̀ ṣókí, ni pé àrùn náà kò tíì jáde kúrò nínú ẹ̀yà tí ó ti bẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n inú ìpele kìíní gbòòrò. Ní ọdún 2018, FIGO pín èyí tó ṣeé rí nínú jẹjẹrẹ ẹnu ilé-ọmọ ní ìpele yìí sí mẹ́ta gẹ́gẹ́ bí ó ti tóbi tó: èyí tí kò tó sẹ̀ǹtímítà 2, èyí tí ó tó 2 ṣùgbọ́n tí kò tó 4, àti èyí tí ó tó 4 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ní ti ilé-ẹyin, ìpele kìíní kan náà ni a ka obìnrin tí èèpo kókó rẹ̀ wà lódindi àti èyí tí kókó rẹ̀ ti bẹ́ sí, bí ìpele abẹ́lé wọn tilẹ̀ yàtọ̀, bẹ́ẹ̀ ewu wọn kò dọ́gba. Ẹni tí ó bá gbọ́ “ìpele ìbẹ̀rẹ̀” nìkan kò tíì gbọ́ ìdajì ọ̀rọ̀.

Ìdajì tó kù wà nínú ìwé àbájáde onímọ̀ àrùn. Lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ jẹjẹrẹ awọ inú ilé-ọmọ, bí àpẹẹrẹ, ilé-ọmọ tí a yọ ń dé orí tábìlì rẹ̀ nínú fọ́málììnì, omi tí kì í jẹ́ kí ẹran bàjẹ́. Yóò là á, yóò gé e ní pẹlẹbẹ-pẹlẹbẹ, yóò sì fi rúlà wọn bí jẹjẹrẹ náà ti jẹ wọ ògiri iṣan rẹ̀ tó. Bí ògiri náà bá nípọn tó mílímítà 20, tí jẹjẹrẹ sì wọ̀ ọ́ ní mílímítà 6, kò tíì dé ìdajì. Bí ó bá wọ̀ ọ́ ní 12, ó ti kọjá ìdajì, obìnrin náà sì ti bọ́ sínú ọ̀wọ́ tí ewu rẹ̀ ga ju ti àkọ́kọ́ lọ. Lẹ́yìn èyí ni yóò gbé ẹran náà, tí a ti rẹ́ tín-ín-rín tí a sì ti pa láró, sábẹ́ maikirosíkópù, yóò wo bí sẹ́ẹ̀lì rẹ̀ ti yàtọ̀ sí ti ara gidi tó, yóò sì wá àmì kan tí ó kéré lójú ṣùgbọ́n tí ó wúwo: ìdì sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ tí ó há sínú òpó lymph tàbí iṣan ẹ̀jẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́. Bí irú òpó bẹ́ẹ̀ bá pọ̀ lábẹ́ maikirosíkópù, ó fi hàn pé àrùn náà ti rí ọ̀nà tí ó lè gbà jáde, bí kókó lymph tí a yẹ̀ wò tilẹ̀ mọ́.

Ní ti awọ inú ilé-ọmọ, ohun mìíràn tún ti wọ inú ìṣirò náà. Ìwádìí ńlá TCGA, tí ó yẹ jíìnì jẹjẹrẹ wò, tí a tẹ̀ jáde ní 2013 pín jẹjẹrẹ yìí sí ọ̀wọ́ mẹ́rin nípa jíìnì rẹ̀, FIGO sì gba ìpín bẹ́ẹ̀ wọlé nínú ìlànà rẹ̀ ti 2023. Èyí tí jíìnì POLE rẹ̀ ti yí padà lè burú lójú maikirosíkópù, síbẹ̀ ó ṣọ̀wọ́n gan-an kí ó padà; èyí tí jíìnì p53 rẹ̀ bàjẹ́ ni ó ń padà jù, kódà bí a bá tètè rí i. Obìnrin méjì tí ìwé wọn ìbá jọra pátá tẹ́lẹ̀ lè wá gba ìtọ́jú tí ó yàtọ̀ síra lónìí.

Bí a ṣe ń ka iye ewu

Ìwádìí PORTEC-1, tí àbájáde rẹ̀ jáde ní ọdún 2000 láti Nẹ́dálándì, jẹ́ àpẹẹrẹ tí ó ṣe kedere. Wọ́n fi ìbò pín obìnrin 714 tí a ti ṣiṣẹ́ abẹ fún nítorí jẹjẹrẹ awọ inú ilé-ọmọ ní ìpele kìíní sí ọ̀nà méjì: apá kan gba ìtànṣán sí ìbàdí, apá kejì kò gbà á. Láàárín ọdún 5, àrùn náà padà sí ojú ara tàbí ìbàdí lára 4 nínú 100 àwọn tí ó gba ìtànṣán, àti 14 nínú 100 àwọn tí kò gbà á.

A lè sọ iye kan náà yìí ní ọ̀nà mẹ́ta, gbogbo wọn ni ó sì jẹ́ òtítọ́. Ẹni tí ó bá ní ìtànṣán dín ewu kù ju ìlọ́po mẹ́ta lọ kò purọ́. Ẹni tí ó bá ní ó gba 10 là nínú 100 kúrò lọ́wọ́ ìpadàbọ̀ kò purọ́. Ẹni tí ó sì ní 86 nínú 100 ìbá wà láìsí ìpadàbọ̀ níbẹ̀ bí wọn kò tilẹ̀ gba ìtànṣán, òun náà kò purọ́. Ìlọ́po nìkan kì í tó sọ fún obìnrin tí ó fẹ́ pinnu, nítorí ìdínkù sí ìdajì lè jẹ́ láti 40 sí 20, ó sì lè jẹ́ láti 4 sí 2. Ohun tí ó yẹ kí ó béèrè ni iye tí òun bá bẹ̀rẹ̀, iye tí ó kù lẹ́yìn ìtọ́jú, iye ọdún tí ìṣirò náà bò, àti ohun tí ìtọ́jú náà yóò gbà lọ́wọ́ òun. Nínú PORTEC-1, inú àti ìfun ni ìtànṣán náà dà láàmú jù.

Ohun kan tún wà níbẹ̀ tí ọ̀pọ̀ kò retí: iye àwọn tí ó wà láàyè lẹ́yìn ọdún 5 kò sàn jù lápá tí ó gba ìtànṣán. Ìdí rẹ̀ ni pé èyí tí ó pọ̀ jù nínú àwọn ìpadàbọ̀ náà yọ nínú ojú ara, a sì lè tọ́jú rẹ̀ nígbà náà. Èyí ni ó mú kí PORTEC-2, ní 2010, dán ìtànṣán tí a fi ọ̀pá kékeré gbé sínú ojú ara nìkan wò. Ó dáàbò bo ibẹ̀ dáadáa bí ti gbogbo ìbàdí, ìgbẹ́ gbuuru tí àwọn obìnrin náà ní sì kéré.

Bí ó ṣe rí ní ẹ̀yà kọ̀ọ̀kan

Ní ẹnu ilé-ọmọ, ọ̀nà tí a gbà ṣiṣẹ́ abẹ pàápàá lè yí ewu padà. Kí ó tó di 2018, ọ̀pọ̀ oníṣẹ́ abẹ gbà pé fífi kámẹ́rà àti irinṣẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ gba ojú ihò kéékèèké wọlé kò yàtọ̀ sí líla ikùn. Ìwádìí LACC fi hàn pé ó yàtọ̀: lẹ́yìn ọdún 4 àti ààbọ̀, 86 nínú 100 àwọn tí a lo kámẹ́rà fún ni kò ní àrùn náà, nígbà tí ó jẹ́ 96.5 nínú 100 fún àwọn tí a la ikùn wọn. Lọ́wọ́ kejì, ìwádìí SHAPE tí ó jáde ní 2024 fi hàn pé fún kókó tí kò ju sẹ̀ǹtímítà 2 lọ tí àmì ewu rẹ̀ kéré, yíyọ ilé-ọmọ lásán tó; ìpadàbọ̀ sí ìbàdí láàárín ọdún 3 jẹ́ 2.52 nínú 100, ó sì jẹ́ 2.17 fún iṣẹ́ abẹ ńlá tí a ń ṣe tẹ́lẹ̀. Iṣẹ́ abẹ tí ó kéré sì bọ̀wọ̀ fún àpò ìtọ̀ jù.

Ní ilé-ẹyin, oògùn kẹmó, ìyẹn oògùn tí ń pa sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ, lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ ni ọ̀rọ̀ dá lé lórí. Nígbà tí a pa àbájáde ìwádìí ICON1 àti ACTION pọ̀ ní 2003, 76 nínú 100 àwọn tí ó gba kẹmó ni àrùn kò padà sí lára láàárín ọdún 5, bí a bá fi wé 65 nínú 100 àwọn tí kò gbà á. Irú kan tún wà tí ó ń bẹ̀rẹ̀ láti inú sẹ́ẹ̀lì granulosa, àwọn sẹ́ẹ̀lì tí ó yí ẹyin ká, irú tí ó lè dákẹ́ fún ọdún 10 tàbí 20 kí ó tó tún yọjú. Òfin ọdún 5 kò kàn án.

Jẹjẹrẹ tí ó bẹ̀rẹ̀ ní awọ ìta ojú ara yàtọ̀. Níbẹ̀, jẹjẹrẹ lè tún yọ ní ojú awọ kan náà lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún, pàápàá níbi tí awọ náà ti ń ṣàìsàn tẹ́lẹ̀, ó sì máa ń nira láti mọ̀ bóyá ti àtijọ́ ni tàbí tuntun. Èyí tí ó bá yọ nínú kókó lymph tí ó wà níbi tí itan ti pàdé ikùn ni ó léwu jù.

Àkókò àti àyẹ̀wò

Púpọ̀ nínú ìpadàbọ̀ ń ṣẹlẹ̀ láàárín ọdún 2 sí 3 àkọ́kọ́, ìdí nìyí tí àyẹ̀wò fi ń sún mọ́ra nígbà náà, ní oṣù 3 sí 6 síra, kí ó tó wá máa jìnnà síra títí di ọdún 5. Ewu náà kì í dúró lójú kan. Ká gbà pé ó jẹ́ 10 nínú 100 fún ọdún 5, tí 7 nínú 10 náà sì ń ṣẹlẹ̀ ṣáájú òpin ọdún kẹta: obìnrin tí ó bá parí ọdún kẹta láìrí nǹkan kan ti di ọ̀kan nínú 93, 3 péré ni ó sì kù tí yóò rí i nínú wọn. Kò yẹ kí ó ṣì máa gbé 10 ti ọjọ́ àkọ́kọ́ kiri.

Ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò àti àyẹ̀wò ojú ara ni òpó àyẹ̀wò náà. Àwọn àmì tí kò yẹ kí ó dúró de ọjọ́ tí a dá ni ẹ̀jẹ̀ láti ojú ara, omi tí ó ń rùn, ìrora ìbàdí tí kò lọ, ìrora láti ẹ̀yìn tí ó ń sọ̀ kalẹ̀ sí ẹsẹ̀, ẹsẹ̀ kan tí ó wú, ikùn tí ó ń wú, ikọ́ tí kò tán àti kí ènìyàn máa rù láìnídìí. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni àmì bẹ́ẹ̀ máa ń jẹ́ nǹkan mìíràn.

Ó dà bí ẹni pé àyẹ̀wò púpọ̀ ni yóò dára jù, ṣùgbọ́n ẹ̀rí kò tì í lẹ́yìn bẹ́ẹ̀. Ìwádìí TOTEM, tí a ṣe ní Ítálì àti Faransé fún jẹjẹrẹ awọ inú ilé-ọmọ, fi àyẹ̀wò tí ó pọ̀ wé èyí tí ó mọ níwọ̀n. Àwọn tí ó yè kò pọ̀ sí i nítorí àwòrán àti ẹ̀jẹ̀ tí a ń yẹ̀ wò léraléra. Ní ti ilé-ẹyin, ìwádìí kan tí ó jáde ní 2010 bẹ̀rẹ̀ kẹmó fún àwọn kan ní kété tí CA-125, èròjà tí jẹjẹrẹ ilé-ẹyin sábà máa ń mú pọ̀ sí i, ga nínú ẹ̀jẹ̀ wọn, ó sì dúró de àmì fún àwọn yòókù. Àwọn ti àkọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ oògùn ní nǹkan bí oṣù 5 ṣáájú, wọn kò sì pẹ́ láyé jù wọ́n lọ. Ohun tí wọ́n jèrè ni oṣù díẹ̀ sí i lórí ibùsùn kẹmó.

Bí ó bá padà

Ìtọ́jú àkọ́kọ́ ni ó ń pinnu ohun tí ó kù láti ṣe. Obìnrin tí kò gba ìtànṣán rí, tí àrùn náà sì yọ nínú ojú ara nìkan, ṣì lè gba ìtànṣán ní kíkún. Nínú àwọn obìnrin PORTEC-1 tí ó rí bẹ́ẹ̀ tí a tọ́jú pẹ̀lú èrò àtiwò sàn, àrùn náà pòórá lára 31 nínú 35. Bí ìbàdí bá ti gba ìtànṣán tẹ́lẹ̀, iṣẹ́ abẹ tí Alexander Brunschwig kọ́kọ́ ròyìn ní 1948 lè jẹ́ ọ̀nà tó kù, èyí tí a ó ti yọ àwọn ẹ̀yà inú ìbàdí, àpò ìtọ̀ tàbí ìfun ìsàlẹ̀ pẹ̀lú, tí ìtọ̀ tàbí ìgbẹ́ yóò sì máa gba ojú ikùn jáde. Fún jẹjẹrẹ ẹnu ilé-ọmọ tí ó ti tàn kọjá èyí tí abẹ àti ìtànṣán lè ká, ìwádìí KEYNOTE-826 fi hàn ní 2021 pé fífi pembrolizumab, oògùn tí ń tú ọwọ́ àwọn sẹ́ẹ̀lì ajàfára-ẹni sílẹ̀, kún kẹmó mú kí ẹ̀mí gùn ju kẹmó nìkan lọ.