Ètò owó ìfẹ̀yìntì aládàáni ní Tsílè

Ètò owó ìfẹ̀yìntì aládàáni ti orílẹ̀-èdè Tsílè ló sọ owó ìfẹ̀yìntì di ohun tí òṣìṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ń tọ́jú fún ara rẹ̀, dípò kí ìjọba máa san án. Ìjọba ológun Augusto Pinochet ló ṣòfin rẹ̀ ní oṣù Kọkànlá ọdún 1980. Ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù Karùn-ún ọdún 1981. José Piñera, mínísítà ọ̀rọ̀ iṣẹ́ nígbà tí òfin náà jáde, ni agbátẹrù rẹ̀.

Tẹ́lẹ̀, owó tí wọ́n ń yọ lára àwọn tó wà lẹ́nu iṣẹ́ ni wọ́n fi ń san ti àwọn tó ti fẹ̀yìn tì. Ètò tuntun ní kí ìdá 10 nínú ọgọ́rùn-ún owó oṣù máa wọ àsùnwọ̀n òṣìṣẹ́ fúnra rẹ̀, kí ilé-iṣẹ́ aládàáni tí wọ́n ń pè ní AFP sì máa fi í dókòwò. Owó iṣẹ́ AFP wà lọ́tọ̀. Dandan ni ètò tuntun náà fún ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ gbaṣẹ́. Àwọn tó ti wà lẹ́nu iṣẹ́ láǹfààní láti yàn. Àwọn ológun tó ṣòfin náà kò sí nínú rẹ̀ rárá: ètò àtijọ́ ni wọ́n ṣì ń jẹ.

Owó tó kóra jọ mú kí ọjà ìdókòwò Tsílè gbèrú gan-an. Àmọ́ iye tó wà nínú àsùnwọ̀n ni yóò sọ iye tí ènìyàn yóò máa gbà, ibẹ̀ sì ni ìṣòro ti pọ̀ jù. Obìnrin tó fi iṣẹ́ sílẹ̀ fún ọdún mélòó kan láti tọ́mọ kò rówó fi síbẹ̀ láàárín àkókò yẹn. Ó lè fẹ̀yìn tì ní ẹni 60 ọdún, nígbà tí ti ọkùnrin jẹ́ 65. Nítorí pé ẹ̀mí obìnrin sábà máa ń gùn ju ti ọkùnrin lọ, owó tí kò pọ̀ yẹn náà ni wọ́n á tún pín sí oṣù tó pọ̀ sí i. Bákan náà lọ̀rọ̀ rí fún ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ kò dúró sójú kan.

Ní ọdún 2008, ìjọba Michelle Bachelet bẹ̀rẹ̀ sí í fi owó ìjọba ran àwọn arúgbó tó tálákà lọ́wọ́. Ní 2016, ọ̀pọ̀ èrò tú jáde láti fẹ̀hónú hàn sí AFP. Nígbà àjàkálẹ̀ àrùn Kòrónà, láàárín 2020 àti 2021, ẹ̀ẹ̀mẹta ni ilé aṣòfin gba àwọn ènìyàn láyè láti yọ lára owó náà, àsùnwọ̀n ọ̀pọ̀ ènìyàn sì gbẹ. Òfin ọdún 2025 kò pa AFP rẹ́, ṣùgbọ́n ó ní kí agbanisíṣẹ́ náà máa dá owó, tí yóò máa lọ sókè díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi dé ìdá 8.5 nínú ọgọ́rùn-ún owó oṣù.