Ọbẹ̀ Tí Kò Ní Ata: Ibi Tí Sọ́ọ̀sì Sitirọ́bẹ́rì Ti Ṣẹ̀ Wá

Sábó Ṣágámù ni mo ti máa ń gba ẹrù mi, kí ilẹ̀ tó mọ́ tán, lọ́wọ́ awakọ̀ tó ń bọ̀ láti òkè Ọya. Kúlà kan báyìí ni. Yìnyín inú rẹ̀ á ti yọ́ dà sísàlẹ̀, sitirọ́bẹ́rì Jọs á wà níbẹ̀ nínú ike pẹlẹbẹ. Tí mo bá ṣí i, àwọn tòkè á ṣì pupa fòò, ewé orí wọn á tutù yọ̀yọ̀. Àwọn tìsàlẹ̀ á ti tẹ̀, omi pupa á máa jáde lára wọn. Mo máa ń ta tòkè fún àwọn tó ń ṣe kéèkì ìgbéyàwó n'Íjẹ̀bú-Òde. Tìsàlẹ̀ ni ìkòkò mi ń dúró dè.

Ọ̀dọ̀ àwọn tìsàlẹ̀ yẹn gan-an ni ọ̀rọ̀ sọ́ọ̀sì ti bẹ̀rẹ̀. Ta ni yóò mú èso tó dára, tó ṣeé jẹ bẹ́ẹ̀, kó gbé e ka iná? Èyí tí kò ní í rí ọ̀la ni wọ́n ń sè. Ẹni tó bá dàgbà nílẹ̀ Ìjẹ̀bú tàbí Rẹ́mọ kò ní í bá mi jiyàn. Ẹ̀gẹ́ tí a bá wú lóko, ọjọ́ méjì, ọjọ́ mẹ́ta, inú rẹ̀ ti ń dúdú. Ìyẹn la ṣe ń rin ín, tí a ń dì í sápò, tí a ń fi òkúta tẹ̀ ẹ́ títí yóò fi kan, ká tó yan án. Kíkan yẹn náà ni àwọn èèyàn ń wá ra gààrí Ìjẹ̀bú sí. Ẹ wo obì náà: àwọn Haúsá oníṣòwò tó ń kó o ní Sábó, ewé tútù ni wọ́n fi ń dì í kó má baà gbẹ lójú ọ̀nà.

Ṣùgbọ́n kí n tó gbé ìkòkò kaná, ẹ jẹ́ ká sọ ti èso náà, torí ìtàn rẹ̀ dùn ju sọ́ọ̀sì lọ.

Sitirọ́bẹ́rì ńlá tí a mọ̀ lónìí kò tíì pé ọ̀ọ́dúnrún ọdún láyé. Èyí tí àwọn ará Yúróòpù ń ṣa nínú igbó tẹ́lẹ̀, bíńtín ni, kò ju orí ìka ọmọdé lọ. Ní Chile lọ́hùn-ún, àwọn Mapuche ti ń gbin oríṣi kan tó tóbi tipẹ́tipẹ́. Ní 1712, Louis Kẹrìnlá ọba Faransé rán ẹnjiníà ológun kan, Amédée-François Frézier, lọ síbẹ̀. Ó ṣe bí oníṣòwò, amí ni. Odi àwọn ará Sípéènì ló lọ wò. Bó ṣe ń wo odi ló ń wo oko. Ó rí sitirọ́bẹ́rì tí òmíràn nínú rẹ̀ tó ẹyin adìyẹ, ó sì hú díẹ̀ nínú rẹ̀ dání. Oṣù mélòó kan ni wọ́n fi wà lójú agbami, omi mímu sì ṣọ̀wọ́n nínú ọkọ̀. Ọkùnrin tó ń bójú tó ẹrù ọkọ̀ ló ń fún Frézier lómi tó ń bu sí wọn. Nígbà tí wọ́n gúnlẹ̀ ní 1714, igi márùn-ún péré ló ṣẹ́ kù láàyè, Frézier sì fún ọkùnrin olómi náà ní méjì.

Wọ́n gbìn ín. Ó yọ ewé, ó yọ òdòdó, kò so. Ọdún ń gorí ọdún. Ohun tí Frézier kò mọ̀ ni pé sitirọ́bẹ́rì Chile ní akọ, ó ní abo. Àwọn tí òun rí èso lára wọn ló hú, abo sì ni gbogbo wọn. Wọn kì í ṣe àgàn o, ọkọ ni wọn ò ní.

Ibi tí wọ́n ti rí ọkọ ni Brittany ní ilẹ̀ Faransé, ní àyíká Brest àti Plougastel, níbi tí wọ́n ti gbìn wọ́n mọ́ sitirọ́bẹ́rì mìíràn tó ti Àríwá Amẹ́ríkà wá, Virginia. Ti Virginia kéré, ṣùgbọ́n òórùn rẹ̀ ń ta sánsán. Afẹ́fẹ́ àti kòkòrò ṣe alárinà, abo Chile so. Hóró tó jáde lára èso yẹn ló di ẹ̀yà tuntun, tó tóbi bí ìyá, tó ń ta sánsán bíi bàbá. Ní 1766, ọmọkùnrin kan tí kò tíì pé ogún ọdún, Antoine Nicolas Duchesne, tẹ̀wé jáde pé sitirọ́bẹ́rì tó ní òórùn ọ̀pẹ̀ òyìnbó yìí, ọmọ àwọn méjèèjì ni. Ìdí nìyẹn tí orúkọ ọ̀pẹ̀ òyìnbó fi wà nínú orúkọ tí àwọn onímọ̀ ń pè é dòní: Fragaria ananassa.

Èso dé, ó ku ṣúgà. Àwọn àgbà wa ń pè é ní iyọ̀ òyìnbó, bẹ́ẹ̀ òyìnbó kọ́ ló ni ín. New Guinea ni ìrèké ti wá, àwọn ará Íńdíà ló kọ́kọ́ sè é di hóró, àwọn Lárúbáwá ló gbé e lọ sí ìwọ̀-oòrùn. Ní Yúróòpù, ọ̀dọ̀ àwọn olóògùn ni wọ́n ti ń rà á nígbà kan. Nostradamus tí gbogbo èèyàn mọ̀ sí aríran, òun náà gbé ìwé jáde ní 1555 lórí bí a ṣe ń fi ṣúgà se èso! Lẹ́yìn náà ni oko ìrèké wá bo Brazil àti erékùṣù Caribbean, ẹrú ló sì ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Ogun tó jà nílẹ̀ wa ní ọgọ́rùn-ún ọdún kọkàndínlógún kó ọ̀pọ̀ Yorùbá lọ sí Bahia ní Brazil, àti sí Cuba. Lukumí ni wọ́n ń pè wọ́n ní Cuba. Wọ́n gé ìrèké, wọ́n sì se é nínú agbada ńlá. Ọdún 1886 ni oko ẹrú tó parí ní Cuba, 1888 ní Brazil. Iyọ̀ òyìnbó, òógùn ìyá wa.

Marggraf, ará Jámánì, ti rí i ní 1747 pé ṣúgà kan náà wà nínú bíìtì, ohun ọ̀gbìn kan tó ń ta sínú ilẹ̀, àwọn Gẹ̀ẹ́sì sì gbé owó orí ṣúgà kúrò ní 1874. Báyìí ni owó ṣúgà wálẹ̀, tí tálákà náà bẹ̀rẹ̀ sí í rí jáàmù, èso tí a fi ṣúgà sè títí ó fi ki, fi jẹ búrẹ́dì. Jáàmù ni ẹ̀gbọ́n, sọ́ọ̀sì ni àbúrò. Nínú jáàmù, ṣúgà fẹ́rẹ̀ẹ́ tó èso, ìyẹn ni kò jẹ́ kó tètè bàjẹ́. Ṣúgà sọ́ọ̀sì kéré, ọ̀sẹ̀ kan báyìí ló lè lò nínú fíríìjì. Lójú tèmi, fíríìjì ló bí sọ́ọ̀sì tí a ń sè pamọ́ sílé. Láyé ìgbà tí kò sí i, ẹ sè é, ẹ jẹ ẹ́ tán ni.

Jọs ga tó bíi 1,200 mítà ju òkun lọ, òtútù ibẹ̀ ló bá sitirọ́bẹ́rì mu. Mo gbin ti tèmi ní Ṣágámù lẹ́ẹ̀kan. Ẹ má bi mí.

Ìdajì kílò ni mo máa ń sè lẹ́ẹ̀kan, pẹ̀lú 100 gíráàmù ṣúgà. Mo gé e sí méjì méjì, mo wọ́n ṣúgà lé e lórí, mo fi sílẹ̀. Láàárín ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, ṣúgà á ti fa omi ara rẹ̀ jáde, n kò nílò láti bu omi kankan sí i. Iná kékeré, bíi ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ọsàn wẹ́wẹ́ díẹ̀. Tí mo bá fi ìka la ẹ̀yìn ṣíbí, tí ojú ìlà náà kò padé mọ́, ó ti jinná. Ìgbà tó kọ̀ tí kò ki, ìyá àgbà ló ní kí n po ṣíbí ògì kan pọ̀ mọ́ omi tútù kí n dà á sí i. Mo rò pé wọ́n ń ṣeré ni. Ó ki.

Páńkéèkì ni mo sè é fún láàárọ̀ ọjọ́ náà. Ìyá àgbà wò ó nínú abọ́. Wọ́n ní, “Ọbẹ̀ wo lèyí, tí kò níyọ̀, tí kò láta?” Wọn ò fọwọ́ kan páńkéèkì. Wọ́n bu gààrí, wọ́n da omi tútù sí i, wọ́n wá da sọ́ọ̀sì mi ṣíbí méjì lé e lórí. Gààrí náà pupa rẹ́súrẹ́sú. Wọ́n mu ún tán, wọ́n sì ní kí n gbé èyí tó kù padà sínú fíríìjì di alẹ́.