Iná airbag tàn, kò kú mọ́: ṣé kí rewáyà pa á ni àbí kó tún un ṣe?

Lọ́sẹ̀ tó kọjá ni màmá kan wa Corolla 2005 wọn wọ ṣọ́ọ̀bù mi ní mẹ́káníìkì fílẹ́ẹ̀jì Àpó, wọn ò tíì sọ̀ kalẹ̀ tán tí wọ́n ti ń nawọ́ sí dáṣíbọ́ọ̀dù, "Ọ̀gá rewáyà, ẹ bá mi pa iná pupa yìí jàre, ó ti ń lọ sí oṣù mẹ́ta." Mo ní "Màmá, ẹ kú ọ̀nà o, ṣé kí n pa iná ni àbí kí n tún ọkọ̀ ṣe?" Wọ́n wò mí bíi pé mo ń fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́. Ẹnì kan ti sọ fún wọn ní Nyanya pé kíá lòun máa pa á, kò sì parọ́, kò le rárá, kéèyàn tú ojú dáṣíbọ́ọ̀dù kó yọ iná yẹn dànù ni, ó parí. Airbag tó ti kú, àpò tó yẹ kó wú jáde gbà yín tí ọkọ̀ bá forí sọ nǹkan, òun ni ò ní jí.

Iná tí mò ń sọ yìí, ó lè jẹ́ àwòrán ẹni tó jókòó tí nǹkan róbótó wà níwájú àyà ẹ̀, ó sì lè jẹ́ SRS tàbí AIRBAG ni wọ́n kọ síbẹ̀. Tẹ́ ẹ bá yí kọ́kọ́rọ́ sí ON ó gbọ́dọ̀ tàn, ní ọ̀pọ̀ ọkọ̀ á tó ìṣẹ́jú àáyá mẹ́fà, lẹ́yìn náà á kú. Láàárín ìgbà yẹn ni kọ̀ǹpútà airbag ń ka àwọn wáyà ẹ̀ bí ìyá ọlọ́mọ ṣe ń ka orí ọmọ lálẹ́. Tí ẹyọ kan ò bá dáhùn, iná ò ní kú, ọ̀pọ̀ ọkọ̀ á sì ti gbogbo ẹ̀ pa títí wọ́n á fi tún un ṣe, ìyẹn ni pé tẹ́ ẹ bá forí sọ tírélà lónìí ní ọ̀nà Kaduna, airbag lè má jáde rárá. Ẹ má fi iná tó kọ PASS AIRBAG OFF ṣe é o, ìyẹn kàn ń sọ pé kò séèyàn lórí àga iwájú tàbí pé ẹni tó wà níbẹ̀ fúyẹ́, èèyàn tó ti torí ẹ̀ sáré wá bá mi ò kéré.

Ohun tí mo kọ́kọ́ máa ń bi oníbàárà ni pé kí lẹ ṣe fún ọkọ̀ yìí lọ́sẹ̀ tí iná tàn? Ìdáhùn yẹn sábà máa ń gba sikánà, ẹ̀rọ tó ń ka àléébù ọkọ̀, lọ́wọ́ iṣẹ́. Ẹni tó ní òun ṣẹ̀ṣẹ̀ pààrọ̀ steering rack, irin tí sítíárìn fi ń yí táyà, mo ti mọ ibi tí màá wò. Lẹ́yìn sítíárìn yẹn, wáyà pẹlẹbẹ kan wà tí wọ́n ká bí téèpù, clock spring là ń pè é, òun ló ń gbé iná lọ sí airbag awakọ̀ àti họ́ọ̀nù. Tí mẹ́káníìkì bá já ọ̀pá sítíárìn sílẹ̀ tí ò so sítíárìn mọ́lẹ̀, tí ọmọ iṣẹ́ wá ń fi ṣeré, ó ń yí i ní àyípo mẹ́ta mẹ́rin, téèpù yẹn á já sínú ibẹ̀ láìdún. Ẹ tẹ họ́ọ̀nù. Tí họ́ọ̀nù ò bá dún, tí bọ́tìnnì rédíò tó wà lára sítíárìn náà ò sì ṣiṣẹ́ mọ́, tí iná airbag tún wà lókè, clock spring ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ fura sí. Ẹni tó bá sì fẹ́ fi tuntun sí i gbọ́dọ̀ gbé e sí àárín kó tó dè é, táyà iwájú á dúró gbọọrọ, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ìgbà àkọ́kọ́ tẹ́ ẹ bá yí sítíárìn dópin láti gbé ọkọ̀ pamọ́ ni tuntun náà máa já.

Abẹ́ àga ni ìkejì, òun ló sì pọ̀ jù ní Abuja yìí lójú tèmi. Pílọ́ọ̀gì aláwọ̀ ìyeyè wà lábẹ́ àga iwájú méjèèjì, fún bẹ́líìtì, fún airbag ẹ̀gbẹ́ tó bá ní, fún ohun tó ń wọn ìwúwo ẹni tó jókòó. Àwọn ọmọ kááwọ́ọ̀ṣì á da omi ọṣẹ sí kápẹ́ẹ̀tì, oníléda á yọ àga láti rán aṣọ tuntun sí i, èkúté á wọlé, ẹ fúnra yín á ti àga síwá sẹ́yìn lórí ike omi tó yí wọ abẹ́ ẹ̀. (Oníléda tó bá rán aṣọ dí ẹ̀gbẹ́ àga tí wọ́n kọ AIRBAG sí, ẹ ní kó tú u. Ibẹ̀ ló máa gbà jáde.) Kí pílọ́ọ̀gì ṣáà ti tú díẹ̀, kẹ́nì kan wá yí kọ́kọ́rọ́, iná dé nìyẹn.

Bátìrì náà wà níbẹ̀. Ẹ ti lọ ṣọdún nílé, ọkọ̀ dúró lọ́sẹ̀ mẹ́ta, bátìrì kú fin-ín fin-ín, ẹ jámpù ẹ̀, iná airbag tàn. Agbára iná tó lọ sílẹ̀ ló dà á láàmú. Ẹ gba bátìrì padà sípò kẹ́ ẹ tó ná kọ́bọ̀ kankan.

Ọ̀rọ̀ sikánà wá. Sikánà pẹ́pẹ́ẹ̀pẹ́ tí wọ́n ń so mọ́ fóònù, ẹ́ńjìnnì ni ọ̀pọ̀ nínú wọn ń kà, wọn ò lè wọ yàrá airbag. Ẹ bi rewáyà tààrà pé "ṣé tìẹ ń ka SRS?" kó tó gbówó yín. Kóòdù àléébù tó bá gbé jáde sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú lẹ́tà B, ẹ ní kó kọ ọ́ sílẹ̀ fún yín kó tó pa á rẹ́, torí tó bá ti pa á rẹ́ láìwò ó, ẹ̀rí ti lọ nìyẹn. Tí iná bá padà lójú ẹsẹ̀, wáyà ti já tàbí nǹkan kan ti kú; tó bá tó bí ọ̀sẹ̀ kan kó tó padà, tó tún jẹ́ lójú gọ́tà ló máa ń tàn, pílọ́ọ̀gì kan ń mì.

Ní báyìí, ẹ wò ó, tẹ́ ẹ bá rí rewáyà tó mú test lamp, gílóòbù tí wọ́n fi ń dán wáyà wò, lọ sí wáyà ìyeyè, ẹ dìde, ẹ gba kọ́kọ́rọ́ yín. Kì í ṣe afẹ́fẹ́ ni wọ́n fẹ́ sínú airbag, ohun tó ń jó bíi ẹ̀tù ló wà níbẹ̀, iná bíńtín ló ń tàn án, ó sì máa ń kún kéèyàn tó ṣẹ́jú. Nígbà tí mo ń kọ́ṣẹ́, ẹnì kejì mi fi test lamp gún ti Accord kan, a kàn gbọ́ gbàù, èéfín funfun bo ojú, ó bẹ́ jáde kúrò nínú ọkọ̀ láìní bàtà kan lẹ́sẹ̀. Ọlọ́run ló ní kó má gbé ojú lé sítíárìn. Láti ọjọ́ yẹn, mo máa ń tú orí negative bátìrì, màá lọ jẹun kí n tó padà. Ìwé àwọn Toyota kan ní ìṣẹ́jú àáyá 90 ti tó, torí kọ̀ǹpútà ẹ̀ ń tọ́jú iná díẹ̀ sára. Èmi ń dúró ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ẹnikẹ́ni ò lé mi.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ ra tòkúnbọ̀, ẹ yí kọ́kọ́rọ́ sí ON láìtan ẹ́ńjìnnì kẹ́ ẹ ka iná. Tí iná airbag ò bá tàn rárá, ó ṣeé ṣe kí wọ́n ti yọ ọ́. Tó bá ń kú pẹ̀lú iná ọ́ìlì lẹ́ẹ̀kan náà nígbà tẹ́ ẹ bá tan ẹ́ńjìnnì, ó ṣeé ṣe kí wọ́n ti so méjèèjì pọ̀. Ọkọ̀ tó ti forí sọ nǹkan ní Amẹ́ríkà, tí airbag ẹ̀ ti bẹ́, pọ̀ lórí ọjà, wọ́n á lẹ ìdérí tuntun mọ́ ojú sítíárìn, inú ẹ̀ ṣófo, wọ́n á fi resistor, ẹyọ kékeré kan tó ń dín agbára iná kù, tan kọ̀ǹpútà jẹ kó rò pé airbag ṣì wà. Ẹ wo bóyá àwọ̀ ìdérí yẹn bá ti dáṣíbọ́ọ̀dù mu, ẹ fa bẹ́líìtì jáde tán pátá kẹ́ ẹ wò ó bóyá ó há.

Ohun kan wà tí iná yìí ò ní sọ fún yín láéláé, òun ni ti Takata. Ilé iṣẹ́ Japan yẹn fi ammonium nitrate sínú airbag àìmọye ọkọ̀, Corolla àti Accord àtijọ́ wà nínú ẹ̀, ooru àti ọ̀rinrin ọdún púpọ̀ ń bà á jẹ́, tó bá bẹ́ ó lè fọ́n irin sójú èèyàn. Ó ti pààyàn. Ilé iṣẹ́ náà wọ gbèsè ní 2017. Tó bá jẹ́ Amẹ́ríkà ni ọkọ̀ yín ti wá, ẹ ka VIN, nọ́ńbà àti lẹ́tà 17 tó wà lábẹ́ gíláàsì iwájú, kẹ́ ẹ tẹ̀ ẹ́ sí nhtsa.gov/recalls, ìkànnì ìjọba Amẹ́ríkà tó ń sọ ọkọ̀ tí wọ́n ní kí wọ́n dá padà wá tún ṣe, ọ̀fẹ́ ni.

Màmá bi mí pé ṣé wọ́n lè máa wa ọkọ̀ tí iná bá wà lókè. Mo ní ọkọ̀ á rìn, ṣùgbọ́n S àkọ́kọ́ inú SRS yẹn, àfikún ló túmọ̀ sí, àfikún sí bẹ́líìtì, torí náà ẹ de bẹ́líìtì dé ẹnu ọ̀nà ilé, kí ọmọ-ọmọ yín sì jókòó sẹ́yìn, iná tàn o, iná ò tàn o.

Abẹ́ àga iwájú ni ìṣòro ọkọ̀ màmá wà. Oníléda ti tún àga ṣe ní oṣù mẹ́ta sẹ́yìn, pílọ́ọ̀gì ò wọlé dáadáa. Mo tú bátìrì, mo dúró, mo nu ibẹ̀, mo tì í wọlé títí ó fi dún kẹ́, mo so bátìrì padà, mo fi sikánà pa kóòdù rẹ́. Àwọn fúnra wọn ló yí kọ́kọ́rọ́ tí wọ́n ń kà sókè: ení, èjì, ẹ̀ta. Wọn ò tíì pe èje tó fi kú. Wọ́n ní ká tún un yí.