Sequencer kì í ṣe “ẹ̀rọ ìtẹ̀léra”: akárílé ni

Sequencer ni ẹ̀rọ orin tó ń sọ fún ẹ̀rọ tó ń dún pé ohùn wo ló kàn, lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó kọ́kọ́ pè é ní “ẹ̀rọ ìtẹ̀léra” ló dá wàhálà sílẹ̀. Ó ṣí ìwé atúmọ̀ èdè, ó rí ìtẹ̀léra, ó sì pa ìwé dé. Àwọn tó tò sórí ìlà ní báńkì náà tẹ̀ léra wọn, àmọ́ ẹni tó bá ti gbowó tán, ilé ló ń lọ. Ẹ̀rọ tí à ń wí yìí kì í lọ sílé. Bó bá dé òpin, á tún gbéra láti ìbẹ̀rẹ̀, bí ẹ ò bá sì pa á, ilẹ̀ á mọ́ bá a níbẹ̀. Nínú àpadàbọ̀ yẹn ni orin rẹ̀ wà, òun gan-an sì ni “ìtẹ̀léra” fò dá.

“Síkúẹ́ńsà” ńkọ́? Òyìnbó tó wọ agbádá ni. Ẹ sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni ní ọjà Àtàkúnmọ̀sà, ẹ wò ó bóyá yóò mọ̀ bóyá ẹ̀rọ ni àbí oògùn ibà. Èyí tó burú jù ni ti àwọn tó ń pè é ní “agbohùnsílẹ̀”, torí pé irọ́ ni. Ẹ̀rọ náà kò tọ́jú ohùn kankan. Iye ló ń tọ́jú.

Akárílé ni kí a pè é, láti inú “kárílé, kárí oko”. “Ká” tó wà nínú kárí náà ló wà nínú àyíká. Ohun tó bá yí ká, ibi tó ti gbéra ló ń padà sí. Wọ́n ní ilé kì í ṣe ọ̀rọ̀ orin. Ihò ọpọ́n ayò ńkọ́? Ṣebí ilé là ń pè é, kò sì sẹ́ni tó ń sùn níbẹ̀. Àwọn kan ní Iléṣà níbí tilẹ̀ fẹ́ ká kúkú máa pè é ní òṣómàáló. Ọmọ Ìjẹ̀ṣà á gbà, ṣùgbọ́n ẹni tí bàbá rẹ̀ jẹ gbèsè aṣọ rí kò ní fẹ́ gbọ́ orúkọ náà nínú orin. Àfiwé rẹ̀ ṣá dára, mo gbà á lọ́wọ́ wọn.

Òṣómàáló ayé àtijọ́ tajà láwìn fún ilé mẹ́jọ. Ó mú ọmọ ọ̀dọ̀ kan lẹ́yìn, ó ń ti ilé kìíní bọ̀ wá sí ìkẹjọ, ẹsẹ̀ rẹ̀ ò yára, kò falẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ kì í sọ̀rọ̀. Iye tí ilé kọ̀ọ̀kan bá san ló ń fi lé ọmọ náà lọ́wọ́, ọmọ náà á sì ké e: owó ńlá, ohùn òkè, owó kékeré, ohùn ìsàlẹ̀. Bí wọ́n bá gba ti ìkẹjọ tán, wọ́n á yà sí ti kìíní padà. Iye tí onílé san tẹ́lẹ̀ náà ni yóò tún san, àfi bí ẹnìkan bá yí i.

Òṣómàáló ni akárílé, ọmọ ọ̀dọ̀ ni oscillator, ìyẹn apá ẹ̀rọ tí ohùn ti ń jáde, iná mànàmáná ni owó. (Orúkọ Yorùbá fún oscillator? Ìjà kan là ń jà lónìí.) Lára Moog 960, akárílé kan tí ilé-iṣẹ́ Moog ṣe, nọ́ọ̀bù mẹ́jọ-mẹ́jọ ló tò ní ìlà mẹ́ta: ilé mẹ́jọ nìyẹn. Ẹ lè fi ìlà kan darí gíga ohùn, kí ẹ fi èkejì darí bí ohùn náà ṣe ń mọ́lẹ̀ tàbí ṣókùnkùn létí. Ilé kọ̀ọ̀kan ní súìṣì kan: ipò kan ní kí ó rìn bó ṣe ń rìn, òmíràn ní kí ó fo ilé náà, ẹ̀kẹta ní kí ó dúró. Ìdúró yẹn ni “òṣó ni màá ló kí n tó gba owó mi” gan-an.

Iná 1 volt máa ń gbé ohùn gòkè ní octave kan, láti dò dé dò tó kàn. Semitone kan, ìyàtọ̀ ohùn tó kéré jù lórí dùùrù, jẹ́ ìdá kan nínú 12 rẹ̀, bíi 0.083 volt. Nọ́ọ̀bù yìí kò ní ibi tó ti ń dún “kọ́” ká mọ̀ pé a ti débẹ̀. Bí ọwọ́ bá gbọ̀n díẹ̀, ohùn ti yẹ̀. Nítorí náà, ẹ tan ẹ̀rọ, ẹ fi í sílẹ̀ fún ìdajì wákàtí kó gbóná. Ẹ fi súìṣì dá a dúró sí ilé kìíní, ẹ fi tuner, ohun tí a fi ń wọn gíga ohùn, wò ó, ẹ yí nọ́ọ̀bù rẹ̀. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ dé ìkẹjọ, kí ẹ sì padà wo ti kìíní. Bí NEPA bá mú iná lọ, nọ́ọ̀bù ò ní kúrò níbi tí ẹ yí i sí, àmọ́ oscillator á ti tutù kí ẹ tó tan jẹnẹrétọ̀. Ẹ tún dúró.

Bí ilé kan ṣoṣo bá ń ṣì ohùn, eruku ọyẹ́ ti wọ nọ́ọ̀bù rẹ̀. Ẹ yí i lọ, ẹ yí i bọ̀, nígbà mẹ́wàá. Bí mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ bá jọ yẹ̀ ní ìwọ̀n kan náà, ẹ má fọwọ́ kan nọ́ọ̀bù: oscillator ló ń gbóná.

Ẹ lè gbọ́ èyí nínú Phaedra, àwo tí Tangerine Dream gbé jáde ní 1974. Edgar Froese dá ẹgbẹ́ náà sílẹ̀ ní Berlin ní 1967, ó kú ní 2015, ẹgbẹ́ náà ṣì ń ṣeré. Òun, Christopher Franke àti Peter Baumann ló gba àwo yìí sílẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1973. Franke ló di Moog mú. Orin tó ń jẹ́ orúkọ àwo náà lé ní ìṣẹ́jú 16. Bí ẹ̀rọ ṣe ń gbóná, àwọn kan nínú oscillator ń yẹ̀, wọ́n sì fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹ di ohùn ìsàlẹ̀ mú láti ìbẹ̀rẹ̀, ẹ máa bá a yí ká. Owó ilé kò yí o. Ẹnu ọmọ tó ń ké e ló yí. Ká ní ìtẹ̀léra lásán ni, tí kì í padà sí ilé tó ti kúrò, etí wo ni ì bá gbọ́ ọ?