Òkété Lẹ́yìn Ilé: Kí Ẹ Tó Ra Oògùn Eku

Láti ìgbà tí katakata ti ń hú igbó Ẹ̀pẹ́ fún ilé kíkọ́, ẹjọ́ tí àwọn onílé ń kó wá bá àwa wolé-wolé ni pé òkété ń gbẹ́ ihò sí ìdí ìpìlẹ̀, ó sì ń hú pákí jẹ. Àwa la wá bá òkété níbẹ̀. Òru ló ń jẹ̀, inú ẹ̀rẹ̀kẹ́ ló ń kó oúnjẹ sí títí yóò fi délé, nítorí náà ilé tí wọ́n ń da àjẹkù sẹ́yìn rẹ̀, tí ẹyìn sì ń jẹrà lábẹ́ ọ̀pẹ láìsí ẹni tó ṣà á, ló ń pè é wá.

Oògùn tí a fi ń pa á bà mí lẹ́rù ju òkété fúnra rẹ̀ lọ. Ẹran tó jẹ májèlé lè rìn jìnnà kó tó kú, kí ẹlòmíràn sì rí i lójú ọ̀nà, kó gbé e lọ sí ìsọ̀ ẹlẹ́ran ìgbẹ́ tàbí kó fi se ọbẹ̀, bẹ́ẹ̀ kì í ṣe gbogbo oògùn eku ni iná ń pa agbára rẹ̀. Ó lè pa ajá àti ológbò tó bá jẹ òkú náà. Ó lè pa òwìwí pẹ̀lú, ẹyẹ tí ọ̀pọ̀ wa ń sọ lókò nítorí ìbẹ̀rù, tó sì jẹ́ pé eku ló ń pa jẹ lálaalẹ́.

Ihò òkété kì í sábà ní ẹnu kan ṣoṣo. Nírọ̀lẹ́, ẹ ki ewé gbígbẹ bọ gbogbo ẹnu tí ẹ bá rí. Bí ewé náà kò bá yẹ̀ fún òru méjì tàbí mẹ́ta, tí alántakùn sì ti ta òwú síbẹ̀, ihò ti ṣófo, ẹ lè fi àfọ́kù búlọ́ọ̀kù àti sìmẹ́ǹtì dí i. Bí ẹran bá ṣì ń wọ̀ ọ́, ẹ dẹ pàkúté. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ti ọwọ́ bọ inú rẹ̀ rárá, nítorí ejò a máa gbé inú ihò tí òkété fi sílẹ̀.

Eku kékeré tó ń wọ inú ilé ni kí ẹ ṣọ́ra fún jù. Ibà Lassa, tí wọ́n kọ́kọ́ dá mọ̀ ní ìlú Lassa ní ìpínlẹ̀ Borno lọ́dún 1969, ń ti ara irú eku bẹ́ẹ̀ wá, nípasẹ̀ ìtọ̀ àti ìgbẹ́ rẹ̀ lórí oúnjẹ. Ẹ má sá gàárì sílẹ̀ẹ́lẹ̀, inú ike tó ní ìdérí tó le ni kí ẹ máa dà á sí, ẹ sì fi ọ̀rá bọ ọwọ́ kí ẹ tó gbé òkú eku. Bí ibà bá ń mú yín tí kò gbọ́ oògùn ibà, ẹ tètè lọ sí ọsibítù, kí ẹ sì sọ fún dókítà pé eku wà nílé yín.