Àṣẹ́kù Báyógáàsì: Ajílẹ̀ Tí Oòrùn Lè Gbà Mọ́ Wa Lọ́wọ́

Láàrin àwọn àgbẹ̀ tí mo ń bá ṣiṣẹ́ ní agbègbè Kuje àti Gwagwalada ní Àbújá, ìbéèrè kan ń wá lemọ́lemọ́ láti ìgbà tí àwọn kan ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìgbẹ́ màlúù ṣe gáàsì ìdáná tí à ń pè ní báyógáàsì: kí ni kí a ṣe sí omi dúdú tí ó ń tú jáde nínú kòtò lẹ́yìn tí gáàsì bá ti kúrò nínú rẹ̀? Gọ́tà ni ọ̀pọ̀ ń dà á sí. Ó máa ń dùn mí, nítorí pé ajílẹ̀ gidi ni wọ́n ń dà nù lórí ilẹ̀ oníyanrìn tí ebi ń pa.

Nínú kòtò báyógáàsì, níbi tí afẹ́fẹ́ kò lè wọ̀, àwọn kòkòrò àìfojúrí ni ó ń jẹ ìgbẹ́ náà tí wọ́n sì ń mú gáàsì jáde. Kábọ́ọ̀nù ni ó ń bá gáàsì náà lọ. Náítírójìn, fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì àti pòtásíọ̀mù, tí í ṣe oúnjẹ ohun ọ̀gbìn, fẹ́rẹ̀ẹ́ má dín rárá. Ẹni tí ó bá ń da garawa ìgbẹ́ kan àti garawa omi kan sínú kòtò lójoojúmọ́ yóò rí nǹkan bíi garawa méjì gbà padà. Ohun tí ó yí padà ni ipò tí náítírójìn náà wà. Ìgbẹ́ tútù dà bí ẹ̀gẹ́ tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ wú, tí iṣẹ́ ṣì pọ̀ lórí rẹ̀ kí ó tó di jíjẹ. Àṣẹ́kù báyógáàsì, ìyẹn omi dúdú náà, dà bí gàrí tí a ti yan, nítorí pé apá púpọ̀ nínú náítírójìn rẹ̀ ti di irú èyí tí gbòǹgbò lè fà mu lójú ẹsẹ̀.

Ibẹ̀ gan-an ni ewu rẹ̀ wà. Náítírójìn tí ó ti ṣetán báyìí tètè máa ń di gáàsì amóníà, a sì máa bá afẹ́fẹ́ lọ bí oòrùn bá mú tàbí bí ọyẹ́ bá ń fẹ́. Ìyá kan tí ó ń gbin ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀ sọ fún mi pé òun da garawa mẹ́wàá sórí ebè lọ́sàn-án gangan, òun kò sì rí ìyàtọ̀ kankan. Mo ní kí ó máa dúró di ìrọ̀lẹ́, kí ó fi ọkọ́ fa ojú ilẹ̀ díẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀fọ́ náà, kí ó da àṣẹ́kù sínú rẹ̀, kí ó sì fi yẹ̀pẹ̀ bò ó kíákíá. Òórùn tó ń ta sí wa nímú lẹ́yìn tí a bá dà á tán, náítírójìn tó ń sá lọ ni.

Fún ohun ọ̀gbìn tí ó ṣì kéré, ẹ fi omi ìlọ́po méjì là á, ẹ má sì jẹ́ kí ó kan ewé, kí ó má baà jó o. Àgbàdo lè gbà á kí a tó gbìn ín, kí ó sì tún gbà á nígbà tí ó bá ga dé orúnkún. Bí òjò ńlá bá ti ṣú, ẹ fi í sílẹ̀, nítorí pé odò àti kànga ni àgbàrá yóò gbé e lọ.

Kòtò ilé kì í gbóná tó láti pa gbogbo kòkòrò àrùn àti ẹyin aràn. Nítorí náà, n kò gba ẹnikẹ́ni nímọ̀ràn láti dà á sí létùsì, kùkúḿbà tàbí ohun mìíràn tí a ń jẹ ní tútù. Àgbàdo, ọkà bàbà àti iṣu ni kí ó máa lọ. Bí ilé ìgbọ̀nsẹ̀ bá wà lára kòtò náà, ìdí igi eléso nìkan ni mo fọwọ́ sí.

Ẹni tí oko rẹ̀ jìnnà lè da àṣẹ́kù náà sórí pòròpórò àti koríko gbígbẹ lábẹ́ ibòji, kí ó bò ó, kí ó sì máa yí i títí yóò fi jẹrà. Náítírójìn rẹ̀ yóò dín, ṣùgbọ́n yóò rọrùn láti kó sínú àpò, yóò sì jẹ́ kí ilẹ̀ oníyanrìn di omi mú pẹ́ lẹ́yìn tí òjò bá ti dá.